Tépà: Bó O Ṣe Máa La Àsìkò Tí Tréníìn Dín Kù Kọjá Kí Ìdíje Ìlúwẹ̀ẹ́ Tó Dé

Ìbéèrè kan náà lẹ̀ ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí ìdíje bá ti ń sún mọ́lé, bóyá ọmọ ọdún 14 ló bi mí ni o, bóyá ìyá ọmọ ni: "Kóòṣì, wọ́n ní ká dín tréníìn kù, ṣùgbọ́n látọjọ́ tá a ti dín in kù ni ara mi ti wúwo, táìmù mi ò sì dáa mọ́, ṣé kì í ṣe pé mo ti ń padà sẹ́yìn báyìí?"

Rárá, o ò padà sẹ́yìn. Tépà lò ń rí yẹn, ìyẹn ni pé kéèyàn dín tréníìn kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí ìdíje tó dé, kí ara lè sinmi kó sì gba agbára padà. Ó rọrùn láti sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ ló ń rí i pé ó le ju tréníìn gangan lọ, torí ẹni tó ti fi oṣù mẹ́ta wọ omi láràárọ̀, tí wọ́n wá ní kó máa lọ sílé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, báwo lọkàn ẹ̀ ṣe fẹ́ balẹ̀?

Ó ti ṣe èmi náà rí. Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà yẹn, ìdíje ku ọjọ́ márùn-ún, ara mi wúwo, ẹ̀rù bà mí, ni mo bá ń yọ́ lọ sí púùlù hòtẹ́ẹ̀lì kan ládùúgbò wa, mo wẹ mítà 3,000 ní alẹ́ mẹ́ta léraléra, mi ò sọ fún kóòṣì mi. Nígbà tó dọjọ́ ìdíje, mítà 200 freestyle (ìwẹ̀ tá a fi ń ju apá kan tẹ̀ lé èkejì), èmi ni mo wà níwájú títí dé mítà 150, lẹ́yìn náà apá mi kọ̀ jálẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló yà mí sílẹ̀ ní láàpù tó kẹ́yìn. Ó ṣì ń dùn mí dòní, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Kí ló dé tí ara fi ń wúwo?

Nígbà tí tréníìn bá le, iṣan ẹ á máa ya díẹ̀díẹ̀, ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan náà á sì máa tán lójoojúmọ́, o ò kàn mọ̀ ni torí ó ti mọ́ ẹ lára. Tó o bá wá dín iṣẹ́ kù, ara á bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, á máa dí ibi tó ya, á máa rọ́ ṣúgà padà sínú iṣan, ṣúgà yẹn sì máa ń fa omi mọ́ra, nǹkan bíi gíráàmù 3 omi fún gíráàmù 1 ṣúgà. Ìdí nìyẹn tó o fi lè gun ìwọ̀n kó o rí i pé o ti fi kílò kan lé, tí ẹsẹ̀ ẹ á sì dà bíi pé wọ́n so irin mọ́ ọn. Kì í ṣe pé o sanra. Oúnjẹ eré lara ń tọ́jú pamọ́ yẹn.

Àwọn onímọ̀ kan yẹ ìlúwẹ̀ẹ́ 99 wò ní Olympics Sydney ọdún 2000, wọ́n fi wé ohun táwọn òmùwẹ̀ kan náà ṣe ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ẹ̀ ló yá sí i, mẹ́jọ péré ló falẹ̀ sí i, tá a bá sì pín in dọ́gba, nǹkan bíi 2.2% ni wọ́n fi yá. Ẹni tó ń fi 1:05 (ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ǹdì márùn-ún) wẹ mítà 100, 2.2% yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ́kọ́ǹdì kan ààbọ̀. Ẹni tó bá mọ ìlúwẹ̀ẹ́ mọ̀ pé sẹ́kọ́ǹdì kan ààbọ̀ lè gbé èèyàn láti ipò keje bọ́ sí ipò kejì.

Ọjọ́ mélòó ni kó o fi dín in kù?

Kì í ṣe ọjọ́ kan náà fún gbogbo èèyàn, ohun tó o fẹ́ wẹ ló máa sọ:

- Mítà 50 àti 100: ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta
- 200: bí ọ̀sẹ̀ méjì
- 400 lọ sókè dé 1500: ọjọ́ 7 sí 10
- Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12, tàbí ẹnikẹ́ni tó ń lọ sí púùlù lẹ́ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀: ọjọ́ 3 sí 5, ó tó

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí tó kẹ́yìn yìí torí òun ló kan ọ̀pọ̀ yín n'Íbàdàn àti l'Ékòó. Mo máa ń rí ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Tuesday, Thursday àti Saturday nìkan, mítà 1,500 nígbà kọ̀ọ̀kan, tí àwọn òbí ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ tépà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wá ní kó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sinmi. Kí ló fẹ́ sinmi kúrò nínú ẹ̀? Kò tíì rẹ̀ ẹ́ débi tó máa nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ ni tépà ń wúlò fún. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lò ń lọ, ṣe tréníìn ẹ bó o ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ títí ìdíje á fi ku bí ọjọ́ márùn-ún, kó o wá dín mítà kù sí ìdajì.

Ohun tó o máa ṣe, ní ìpele ìpele

1. Kọ iye mítà tó ò ń wẹ lọ́sẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé. Má gbé e sórí. Ká sọ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún lò ń lọ, mítà 4,000 lẹ́ẹ̀kan, 20,000 nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tépà àkọ́kọ́ mú un wá sí nǹkan bí 14,000, ní ọ̀sẹ̀ kejì kó wá sí 9,000, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn má ju 1,200 sí 1,500 lọ. Nígbà táwọn onímọ̀ kó ìwádìí lórí tépà jọ lọ́dún 2007, ohun tí wọ́n rí ni pé dídín iṣẹ́ kù láàárín 41% sí 60% fún ọ̀sẹ̀ méjì ló dáa jù. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa lọ sílẹ̀ o, má jẹ́ kó já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan.

2. Má dín iye ọjọ́ kù. Ibí yìí lèèyàn púpọ̀ ti ń ṣubú. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún lò ń lọ, máa lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó bá pọ̀ jù kó o yọ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọwọ́ tó bá kúrò nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, omi á ti ṣàjèjì sí i, wàá máa gbá a, á máa yọ́ gba àárín ìka ẹ kọjá. Ó sàn kó o wọ omi fún ìṣẹ́jú 30 ju kó o má wọ̀ ọ́ rárá lọ.

3. Má dín eré kù. Mítà ló ń dín kù, eré ò gbọ́dọ̀ dín kù. Tí 1:05 bá jẹ́ àfojúsùn ẹ ní 100, tó o sì pín in sí 31.5 àti 33.5, wẹ 50 mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 33.5, máa gbéra ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Lọ́jọ́ mìíràn wẹ 25 mẹ́jọ, kó o fi gbogbo agbára sá ìdajì àkọ́kọ́, kó o wá rọra wẹ ìyókù, sinmi dáadáa kó o tó tún gbéra. Tí táìmù bá ti ń bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀tì, dá a dúró níbẹ̀, má ṣe parí ẹ̀ torí kó o lè sọ pé o parí ẹ̀.

4. Fi irin sílẹ̀. Tó o bá ń lọ sí jíìmù, kí irin tó wúwo kẹ́yìn nígbà tí ìdíje bá ku bí ọjọ́ 10. Lẹ́yìn ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi ń na apá àti nína ara díẹ̀ ti tó.

5. Fi àkókò tó ṣẹ́ kù kọ́ fífò (bó o ṣe ń fò wọ omi níbẹ̀rẹ̀) àti yíyí (bó o ṣe ń yí padà nídìí ògiri). Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo tépà, torí kì í rẹ èèyàn, ó sì ń mú táìmù wálẹ̀. Fò lẹ́ẹ̀mẹfà, yí lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó o tẹjú mọ́ bó o ṣe ń ti ògiri. Rántí pé ní freestyle, backstroke (ìwẹ̀ ẹ̀yìn) àti butterfly (ìwẹ̀ tá a fi ń ju apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà), orí ẹ gbọ́dọ̀ ti yọ síta kó o tó kọjá mítà 15 láti ògiri, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á yọ ẹ́.

   Ìkìlọ̀: má fi orí fò wọ púùlù tí ò jìn. Púùlù hòtẹ́ẹ̀lì tó pọ̀, tó o bá dúró nínú ẹ̀, omi ò kọjá àyà ẹ. Ọrùn lè kán níbẹ̀. Tí o ò bá rí ibi tó jìn, inú omi ni kó o ti gbéra, kó o ti ògiri.

6. Sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń dàgbà, wákàtí 8 sí 10 lálẹ́. Tí kò bá síná, tí ooru mú, sùn síbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, kó o sì tètè wẹ̀ kó o tó sùn. Fóònù, gbé e sí yàrá míì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ vigil máa ń jáde níbí, ẹ jọ̀ọ́, lọ́sẹ̀ ìdíje yẹn, ẹ gbàdúrà lọ́sàn-án.

7. Tún oúnjẹ ṣe, má fi ebi pa ara ẹ. O ò wẹ 4,000 mọ́, nítorí náà o ò nílò abọ́ kejì tó o máa ń jẹ lẹ́yìn tréníìn. Ṣùgbọ́n ìrẹsì, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì ò gbọ́dọ̀ kúrò nínú oúnjẹ ẹ, àwọn ló ń rọ́ ṣúgà sínú iṣan. Ẹyin, ẹja, móínmóín, máa jẹ wọ́n lọ. Àwọn ọmọbìnrin mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀ gan-an níbí: má rí kílò kan lórí ìwọ̀n kó o wá sọ pé o fẹ́ ṣọ́ oúnjẹ jẹ.

8. Gbé aṣọ ìdíje wọ̀ ṣáájú. Aṣọ tuntun tó fún, wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú omi nígbà tí ìdíje bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan, wẹ 25 mélòó kan nínú ẹ̀, kó o mọ iye ìṣẹ́jú tó ń gbà ẹ́ láti wọ̀ ọ́. Gọ́gùlù tuntun náà, fi fò wọ omi ná kó o tó gbé e lọ síbi ìdíje.

Àwọn nǹkan tó máa ṣe ẹ́, àti ohun tó o máa ṣe sí i

*Ara wúwo, omi dà bí ẹ̀kọ.* Ó sábà máa ń wáyé láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje. Wẹ ohun tí wọ́n kọ fún ẹ, fi 25 mẹ́rin tó yá kún un, kó o jáde. Má wo agogo lọ́jọ́ yẹn.

*Ibi tí kì í dùn ẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ẹ́.* Èjìká òní, orúnkún ọ̀la. Tí ara bá ti dákẹ́ lèèyàn máa ń gbọ́ gbogbo nǹkan tó ń sọ. Tó bá lọ láàárín ọjọ́ méjì, gbàgbé ẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń dùn, tó wú, tàbí tó ń jí ẹ lójú oorun, lọ rí dókítà.

*Inú ń bí ẹ láìnídìí, o ò lè jókòó.* Agbára tó pọ̀ tí ò ríbi lọ ni. Rìn fún ìṣẹ́jú 20 nírọ̀lẹ́, lọ kí ìyá àgbà, ka ìwé. Bọ́ọ̀lù kọ́ o! Kò sí ọdún tí mi ò rí òmùwẹ̀ tó fi ọ̀sẹ̀ tépà gbá bọ́ọ̀lù tó sì fẹsẹ̀ rọ́.

*O ò rí oorun sùn lálẹ́ tó ṣáájú ìdíje.* Èyí ò burú tó bó o ṣe rò. Oorun alẹ́ méjì mẹ́ta tó ṣáájú ẹ̀ lo máa fi díje. Dùbúlẹ̀, pajú dé, jẹ́ kí ara sinmi.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

- Kéèyàn fẹ́ wẹ 100 tán-ń-tán pẹ̀lú agogo nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ mẹ́rin, "kí n kàn mọ ibi tí mo wà." O ò ní mọ nǹkan kan, ẹ̀rù ló máa bà ẹ́.
- Tréníìn ìkọ̀kọ̀. Mo ti sọ tèmi.
- Kó o máa fi ara ẹ wé ẹlẹgbẹ́ ẹ. Ẹni tó ń wẹ 1500 ṣì lè máa ṣe 3,500 nígbà tí ìwọ ń ṣe 1,800, kì í ṣe pé òun ló ṣe pàtàkì.
- Àgbo àti oògùn tó o rà fúnra ẹ. Àgbo, kò sẹ́ni tó lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ fún ẹ. Àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan sì ní pseudoephedrine, èyí tí WADA (àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá) fòfin dè lọ́jọ́ ìdíje tó bá ti kọjá iye kan nínú ìtọ̀. Tó o bá wà ní ìpele tí wọ́n ti lè yẹ ìtọ̀ wò, sọ fún dókítà pé eléré ìdárayá ni ẹ́ kó tó kọ oògùn.
- Owambe lọ́jọ́ Saturday tó ṣáájú. Wákàtí márùn-ún lórí ìdúró, ijó, oúnjẹ tí o ò mọ ẹni tó sè é. Ẹ ṣàánú ọmọ yìí.

Tó bá jẹ́ pé ìwọ kọ́ lo fẹ́ dín in kù ńkọ́?

Èyí náà pọ̀ nínú ìbéèrè yín, púùlù ti pa, ẹ̀rọ tó ń sẹ omi bàjẹ́ tí omi di àwọ̀ ewé, WAEC bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, tàbí ibà dá ẹ dúbúlẹ̀.

*Púùlù ti pa, ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ:* wá omi míì kíákíá, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Púùlù mítà 15 tàbí 20 kéré lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó dáa fún yíyí àti eré kúkúrú. Fi rọ́bà fa apá lójoojúmọ́ nílé, ní ìrísí bó o ṣe ń fa omi, 20 lọ́nà mẹ́ta mẹ́rin. Kí ẹnikẹ́ni má lọ fi òkun tàbí ọ̀sà rọ́pò púùlù. Ìgbì Elegushi ò mọ̀ pé òmùwẹ̀ ni ẹ́.

*Púùlù ti pa, ìdíje ku ọ̀sẹ̀ kan:* tépà ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ omi lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta níbikíbi kó tó dọjọ́ yẹn, kí ọwọ́ má ṣàjèjì.

*Ibà:* lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, lo oògùn ẹ tán pátápátá, má wọ omi títí ara gbígbóná á fi lọ tó o sì ń jẹun dáadáa. Nígbà tó o bá padà, má ṣe ìsanpadà mítà tó o pàdánù. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1,000, wo bára ṣe gbà á. Tí ìdíje bá ku ọjọ́ méjì tí o ṣì ń gbọ̀n, yọ orúkọ ẹ. Ó máa dùn ẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n yọ ọ́.

*Ìdánwò:* àárọ̀ kùtù ni kó o wọ omi, ìṣẹ́jú 40, eré kúkúrú nìkan, kó o lọ kàwé.

Ọjọ́ méjì tó kù àti àárọ̀ ìdíje

Tó bá jẹ́ púùlù mítà 25 lo fi ń ṣe tréníìn, tó o wá fẹ́ lọ díje nínú mítà 50, bíi ti Moshood Abiola Stadium l'Ábújá, gbìyànjú kó o dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú kó o wọ omi ẹ̀. Ògiri á dà bíi pé ó jìnnà, yíyí á dín kù, táìmù á sì fi díẹ̀ falẹ̀ ju ti púùlù kékeré lọ. Bó ṣe rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ń fi yáàdì ka púùlù yín, ẹ tiẹ̀ máa rí ìyàtọ̀ náà jù.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì:

- aṣọ ìdíje méjì, gọ́gùlù méjì, fìlà rọ́bà méjì
- táwẹ́ẹ̀lì méjì, súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀, kódà kóòrùn mú
- omi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì
- ìwé tó o kọ nọ́ńbà ìdíje, heat (ìpele àkọ́kọ́ tó o máa wẹ̀) àti léènì ẹ sí

Jẹun ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú, ohun tó o ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni o: ìrẹsì díẹ̀, tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú oyin, tàbí ògì. Ẹ̀wà àti àkàrà, fi wọ́n dìgbà tó o bá wẹ̀ tán. Wọ omi fún warm-up, 800 sí 1,200, kí 25 mẹ́rin tó yá wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá lé yín jáde nínú omi ní wákàtí kan ṣáájú heat ẹ, wọ súwẹ́tà, máa ju apá, máa fò díẹ̀díẹ̀, má jókòó sórí símẹ́ńtì tútù. Tó o bá ní final (àṣekágbá) nírọ̀lẹ́, rọra wẹ 200 sí 400 lẹ́yìn heat, jẹun, kó o sùn fún bí ìṣẹ́jú 30.

Ẹ̀yin òbí

Ẹ má bi ọmọ léèrè táìmù lójoojúmọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má sọ fún un pé ẹ ti san owó tó pọ̀. Tó bá ń kanra, ẹ fà á mọ́ra, kì í ṣe àrífín, ara ẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà lẹ máa gbà, bí Ìbàdàn sí Èkó, ẹ lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, gbígbẹ́sẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí fún heat aago mẹ́sàn-án máa ń ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ nínú mọ́tò.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ìdíje parí

Mú ìwé tó o kọ mítà ẹ sí, kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Kọ iye ọjọ́ tó o fi dín in kù, iye mítà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ara ẹ wúwo jù, ọjọ́ tó fúyẹ́, àti táìmù ẹ ní 50 kọ̀ọ̀kan. Tó o bá yá níbẹ̀rẹ̀ tó o sì kú lẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó o ti dín mítà kù jù, nígbà míì dín in ní 40% dípò 60%. Tó bá jẹ́ pé ara ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń fúyẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìdíje, o nílò ìsinmi jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kún tépà tó ń bọ̀. Fi ìwé náà han kóòṣì ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá padà sí púùlù.